Bí A Ṣe Lè Mú Kí Sọ́fítíwia Tó Ń Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ sí Bíréèlì Rọrùn fún Afọ́jú Láti Lò

Sọ́fítíwia tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí bíréèlì ni à ń lò nígbà tí a bá fẹ́ kí ìwé tí ojú ń kà di èyí tí ìka lè kà. Ó máa ń gba fáìlì wọlé, ó máa ń yí lẹ́tà tàbí àkójọpọ̀ lẹ́tà padà sí àwọn kókó mẹ́fà, ìyẹn àmì kékeré tó yọ sókè tí a fi nọ́ńbà 1 dé 6 dá mọ̀, tí Louis Braille gbé kalẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1829, lẹ́yìn náà ni yóò tò wọ́n sí ìlà àti ojú ìwé kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bíréèlì lè tẹ̀ wọ́n sórí pépà. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ irú sọ́fítíwia bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ bí ẹni pé àwọn tó ń ríran nìkan ni yóò máa jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí iṣẹ́ afọ́jú kò sì ju pé kó dúró de pépà tó bá jáde. Afọ́jú ló ni bíréèlì. Òun ló yẹ kó lè ṣí fáìlì fúnra rẹ̀, kó túmọ̀ rẹ̀, kó rí àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde láìpe ẹnikẹ́ni wá bá a wo ojú kọ̀ǹpútà. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn tó ń kọ irú sọ́fítíwia bẹ́ẹ̀, àti fún àwọn tó ń lò ó tí wọ́n fẹ́ mọ ohun tí wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ pa iná ojú kọ̀ǹpútà

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù rárá, ẹ tan screen reader, ìyẹn ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè tàbí tó ń gbé e lọ sórí ẹ̀rọ bíréèlì. Lórí Windows, ọ̀fẹ́ ni NVDA. VoiceOver ti wà nínú kọ̀ǹpútà Mac láti ilé iṣẹ́. Orca sì wà fún Linux. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná ojú kọ̀ǹpútà, ẹ gbé mọ́ọ̀sì kúrò lórí tábìlì, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ṣí ìwé kan tó ní àkòrí, àtẹ àti àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ẹ yan èdè àti irú bíréèlì tí ẹ fẹ́. Ẹ túmọ̀ ìwé náà. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò tọ́ ní ojú ìwé kẹta. Ẹ tún un ṣe. Ẹ tọ́jú fáìlì náà, kí ẹ sì rán an lọ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró, ibi tí ẹ kò ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àti ibi tó ti ń wù yín láti tan iná padà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni kí ẹ fi ṣe ètò iṣẹ́ yín. Ní tèmi, ó ṣe pàtàkì ju kí ẹ máa fi àmì sí ìwé òfin kan lẹ́yìn òmíràn lọ, nítorí pé sọ́fítíwia lè mú gbogbo ohun tí WCAG, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún mímú kí íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn fún àwọn abirùn láti lò, béèrè ṣẹ, kí iṣẹ́ tí mo ṣàpèjúwe yìí ṣì máa gba afọ́jú ní ọ̀sán gbáko.

Bọ́tìnì, mẹ́nù àti kíbọ́ọ̀dù

Screen reader kì í wo àwòrán. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ fún un nípa bọ́tìnì kan ni yóò kà, ojú ọ̀nà tí ìròyìn náà sì ń gbà ni UI Automation àti IAccessible2 lórí Windows, tàbí AT-SPI lórí Linux. Bí ẹ bá lo bọ́tìnì, àpótí ìkọ̀rọ̀ àti mẹ́nù tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ pèsè, bí irú èyí tí wxWidgets, ìyẹn àkójọ irinṣẹ́ fún kíkọ sọ́fítíwia, máa ń gbé jáde, púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ti parí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ ara yín ya bọ́tìnì náà bí ẹni ya àwòrán, afọ́jú kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, àyàfi tí ẹ bá fún un ní orúkọ, tí ẹ sọ irú ohun tó jẹ́, tí ẹ sì sọ ipò tó wà, bóyá wọ́n ti yàn án tàbí wọn kò tíì yàn án. Orúkọ náà gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí bọ́tìnì náà ń ṣe. “Túmọ̀ sí bíréèlì” jẹ́ orúkọ. “Bọ́tìnì 7” kì í ṣe orúkọ.

Kò gbọdọ̀ sí iṣẹ́ kankan tí mọ́ọ̀sì nìkan lè ṣe. Bí fèrèsé kékeré kan bá ṣí, kọ́sọ̀, ìyẹn àmì tó ń sọ ibi tí a wà, gbọ́dọ̀ bọ́ sínú rẹ̀. Bí ó bá sì padé, kọ́sọ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ibi gan-an tó wà tẹ́lẹ̀, kó má ṣe fò lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, nítorí pé ẹni tó ti wà ní ojú ìwé 60 yóò ní láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà padà. Ní ti àwọn àbùjá kíbọ́ọ̀dù, ẹ má ṣe gba ti screen reader mọ́ ọn lọ́wọ́. NVDA ń lo Insert tàbí Caps Lock, VoiceOver sì ń lo Control àti Option pa pọ̀. Ẹ fi àwọn wọ̀nyẹn sílẹ̀, ẹ kọ àbùjá kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ nínú mẹ́nù, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń lò ó lè yí i padà.

Àwọn kan fẹ́ kọ bíréèlì tààrà, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lórí ẹ̀rọ ìkọ̀wé Perkins. Lórí kíbọ́ọ̀dù lásán, F, D àti S ló dúró fún kókó 1, 2 àti 3. J, K àti L sì dúró fún kókó 4, 5 àti 6. Ẹni náà yóò tẹ àwọn tó bá fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà tí gbogbo ìka bá sì kúrò lórí bọ́tìnì ni kí sọ́fítíwia tó kọ àmì náà sílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ìka àkọ́kọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan wà tí kò lè mọ̀ pé bọ́tìnì mẹ́fà wà ní títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti yan bọ́tìnì mìíràn, kí ẹ sì fi ọ̀nà kan kún un tí ẹni tó ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo yóò lè máa tẹ kókó lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wá fi bọ́tìnì àyè parí rẹ̀.

Ibi tí bíréèlì fúnra rẹ̀ wà

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń kọ sọ́fítíwia ti máa ń ṣìnà jù. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwia máa ń fi bíréèlì hàn nínú fèrèsé kan gẹ́gẹ́ bí àwòrán àwọn kókó dúdú. Ẹni tó ń ríran yóò rí i pé ó dára. Fún afọ́jú, fèrèsé náà ṣófo, bẹ́ẹ̀ bíréèlì tó fẹ́ yẹ̀ wò gan-an ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn mìíràn gbìyànjú láti yẹra fún èyí nípa fífi lẹ́tà ASCII, ìyẹn lẹ́tà àti àmì lásán orí kíbọ́ọ̀dù, kọ bíréèlì, tí wọ́n á wá fi fọ́ǹtì kan bò ó kó lè dà bí kókó lójú. Èyí fa ìṣòro mìíràn tó tilẹ̀ ṣòro láti rí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú bíréèlì ASCII, àmì kọ́mà ló dúró fún kókó 6, kókó 6 yìí sì ni bíréèlì Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé lẹ́tà ńlá ló ń bọ̀. Pátákó bíréèlì, ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí abẹ́rẹ́ kéékèèké máa ń yọrí lára rẹ̀ tí ó sì máa ń wọlé padà, ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ screen reader. Nígbà tí screen reader bá rí kọ́mà yẹn, yóò rò pé kọ́mà lásán ni, yóò túmọ̀ rẹ̀ fún ìgbà kejì, kókó 2 ni yóò sì yọ sábẹ́ ìka, nítorí pé kókó 2 ni kọ́mà nínú bíréèlì Gẹ̀ẹ́sì. Fáìlì náà tọ́, ìka ń ka ohun tí kò tọ́, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ojútùú rẹ̀ ni àwọn àmì bíréèlì tí Unicode, ìyẹn àkójọ àgbáyé tó ń fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà, ti ní láti ọdún 1999. Àmì 256 ni wọ́n, láti U+2800 dé U+28FF, wọ́n sì kárí bíréèlì oníkókó mẹ́fà àti ti oníkókó mẹ́jọ. Bí ẹ bá fi wọ́n sínú àpótí ìkọ̀rọ̀ gidi, tí kì í ṣe àwòrán, screen reader tó mọ̀ wọ́n, bí NVDA, yóò gbé wọn dé orí pátákó bíréèlì bí wọ́n ṣe rí gẹ́lẹ́, kò ní tún wọn túmọ̀. Àwọn tó ń lo Liblouis, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí bíréèlì nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwia, lè gba àmì yìí lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà bí wọ́n bá tan ààyò rẹ̀ méjì, dotsIO àti ucBrl, pa pọ̀. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: U+2800, tó jẹ́ bíréèlì tí kò ní kókó kankan, kì í ṣe àyè lójú Unicode. Bí ẹ bá fi òun pín ọ̀rọ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo ìlà yóò di ọ̀rọ̀ gígùn kan ṣoṣo, bọ́tìnì tó yẹ kó fo ọ̀rọ̀ kan yóò sì fo ìlà odindi. Ẹ lo àyè lásán láàárín ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní pátákó bíréèlì. Ẹni tó jẹ́ ohùn nìkan ló ń gbọ́ náà gbọ́dọ̀ lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, nítorí náà ẹ fún un ní bọ́tìnì tí yóò máa sọ ohun mẹ́ta nípa ibi tí kọ́sọ̀ wà: nọ́ńbà àwọn kókó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti wá nínú ìwé àkọ́kọ́, àti ohun tí bíréèlì náà yóò jẹ́ bí a bá túmọ̀ rẹ̀ padà sí lẹ́tà lásán. Ìgbà tí ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta kò bá bára mu ni a máa ń rí àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun kankan wà lórí ohùn nìkan, torí pé àwọn kan wà tí wọn kò ríran tí wọn kò sì gbọ́ràn. Abẹ́ ìka wọn ni gbogbo ìròyìn gbọ́dọ̀ gbà.

Bí afọ́jú bá ti rí àṣìṣe, ó gbọ́dọ̀ lè dé orísun rẹ̀ kíákíá. Bí Liblouis bá ń túmọ̀, ó lè sọ nọ́ńbà ipò tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bọ́ sí nínú bíréèlì, àti ipò tí bíréèlì kọ̀ọ̀kan ti wá nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́; outputPos àti inputPos ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwia máa ń da ìròyìn yìí nù. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì kékeré tó wà lókè kókó kan lórí pátákó bíréèlì rẹ̀, kọ́sọ̀ lè bọ́ sórí lẹ́tà tó bí kókó náà nínú ìwé àkọ́kọ́, kó tún un ṣe, kó tẹ bọ́tìnì kan, kó sì padà sí ibi tó ti wá. Bí mo bá ní láti yan ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, èyí ni mo máa yàn.

Ó tún yẹ kí afọ́jú mọ ibi tó wà lójú ìwé. Àyè kan tí kókó mẹ́fà máa ń jókòó sí ni mo máa pè ní ilé. Ọ̀pọ̀ ìwé bíréèlì ní ilé 40 lórí ìlà kan àti ìlà 25 lójú ìwé kan, ṣùgbọ́n pátákó tí ẹni náà gbé sórí tábìlì lè má ní ju ilé 14 tàbí 20 lọ. Ìdajì ìlà tàbí kí ó dín ni ìka rẹ̀ ń rí nígbà kan. Kò lè wò ó fìrí kó mọ̀ pé àkòrí wà ní àárín, tàbí pé àtẹ ti ya kúrò lórí ìlà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ yan bọ́tìnì kan tí yóò máa sọ pé “ojú ìwé 3, ìlà 12, ilé 27”, kí òmíràn sì sọ pé “àkòrí onípele kejì, ó wà ní àárín, ilé 6 ṣófo níwájú rẹ̀”.

Àtẹ ìtumọ̀

Ohun tó ń sọ fún sọ́fítíwia bí yóò ṣe túmọ̀ èdè kan ni àtẹ ìtumọ̀. Nínú Liblouis, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi kọ kókó inú rẹ̀. Ìlà kan lè jẹ́ “always and 12346”, èyí tó ń sọ pé kí a fi ilé kan ṣoṣo tó ní kókó 1, 2, 3, 4 àti 6 rọ́pò lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyẹn níbikíbi tí wọ́n bá ti pàdé. Afọ́jú lè ka irú àtẹ bẹ́ẹ̀, ó sì lè kọ ọ́, láìsí irinṣẹ́ àkànṣe kankan. Èyí kì í ṣe ohun ìyanu, nítorí pé John Boyer tó bẹ̀rẹ̀ Liblouis ní ọdún 2002 kò ríran, kò sì gbọ́ràn. Bí sọ́fítíwia yín bá ní irinṣẹ́ fún ṣíṣe àtúnṣe àtẹ, ẹ má ṣe sọ ọ́ di pátákó àwòrán tí a ní láti fi mọ́ọ̀sì tẹ kókó lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà ṣiṣẹ́.

Orúkọ àtẹ náà ṣe pàtàkì. Bí ẹnì kan bá ní láti gbọ́ “en-ueb-g2.ctb” láàárín àwọn orúkọ fáìlì rẹpẹtẹ, yóò pẹ́ kó tó mọ èyí tó ń wá. Àwọn àtẹ Liblouis ti ní orúkọ tí ènìyàn lè kà nínú wọn, ìyẹn display-name; òun ni kí ẹ fi hàn nínú àkójọ, kí èdè ṣáájú, kí ìpele bíréèlì tẹ̀ lé e. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba bóyá ó jẹ́ bíréèlì tí a kò gé kúrú tàbí ti àgékúrú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bíréèlì Gẹ̀ẹ́sì kò ní lè ka ìwé tí gbogbo àgékúrú 180 inú UEB, ìyẹn ìlànà bíréèlì Gẹ̀ẹ́sì (Unified English Braille), wà nínú rẹ̀.

Àwọn èdè tó ní àmì lórí lẹ́tà tún ní wàhálà tiwọn, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ka ìtọ́sọ́nà yìí ní èdè Yorùbá mọ̀ ọ́n dáadáa. Unicode kò ní àmì kan ṣoṣo fún “ọ́”. Ẹnì kan lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí “ọ” tí àmì ohùn òkè tẹ̀ lé, ẹlòmíràn sì lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí “ó” tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n; fún àtẹ ìtumọ̀, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC tàbí NFD, ìyẹn ọ̀nà méjì tí Unicode fi ń mú kí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní ìkọ̀sílẹ̀ kan ṣoṣo, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àtẹ, kí àtẹ náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ fún ọ̀kan tí ẹ bá yàn. Bí lẹ́tà kan kò bá sí nínú àtẹ rárá, Liblouis lè fi nọ́ńbà kóòdù rẹ̀, bíi “\x1ecd”, sí àárín ọ̀rọ̀, ìka tó bá kàn án yóò sì rò pé ìwé ti bàjẹ́. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun jáde, ẹ to àwọn lẹ́tà tí a kò rí túmọ̀ sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ojú ìwé àti ìlà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí Enter sì gbé e lọ síbẹ̀.

Bí afọ́jú kan bá sọ fún yín pé àtẹ kan túmọ̀ ọ̀rọ̀ sódì, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà àti kókó tó tọ́ sínú fáìlì ìdánwò YAML, kí lou_checkyaml, ìyẹn irinṣẹ́ ìdánwò Liblouis, lè máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí nǹkan padà. Ẹ má ṣe jẹ́ kó tún wá sọ ohun kan náà fún yín lẹ́ẹ̀kejì.

Iṣẹ́ tí sọ́fítíwia ń jẹ́ fún ẹni tó ń lò ó

Ìwé ńlá lè gba àkókò díẹ̀ kó tó di bíréèlì. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pá kan tó ń kún díẹ̀díẹ̀ ni ẹ fi ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, afọ́jú yóò jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́ láìmọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ti kú. Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá dé ìdajì, àti nígbà tó bá parí. Ẹ má ṣe sọ ọ́ ní gbogbo ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kó má bàa bo gbogbo ohun mìíràn mọ́lẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, role="status" ló ń ṣe èyí; ó sì ti wà nínú WCAG 2.1 ti ọdún 2018, ní ìlà 4.1.3, pé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé etí ẹni tó ń lo screen reader láìjẹ́ pé kọ́sọ̀ kúrò níbi tó wà. Bí ẹ bá fi àwọ̀ pupa sàmì sí àṣìṣe, ẹ fi ọ̀rọ̀ kún un.

Ṣáájú ìtẹ̀wé, ẹ ka àwọn ohun tó lè ba pépà jẹ́ fún un: iye ilé lórí ìlà, iye ìlà lójú ìwé, iye ojú ìwé lápapọ̀, àti bóyá ẹ̀rọ náà yóò tẹ ojú méjèèjì pépà. Ìwọ̀n tó wà nínú sọ́fítíwia àti èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìparí ìlà yóò bọ́ sórí ìlà tó tẹ̀ lé e, odindi ìwé yóò sì ṣòfò. Ní ti fáìlì, BRF, ìyẹn irú fáìlì bíréèlì kan, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń gbà, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó ń sọ èdè tàbí àtẹ tí a lò. Ẹ jẹ́ kí sọ́fítíwia dábàá orúkọ fáìlì tó sọ ọ́. PEF, tó jẹ́ irú fáìlì bíréèlì mìíràn, lè gbé irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sínú ara rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ bá ń fi sọ́fítíwia náà sórí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ tún dán wò, nítorí pé ẹni tí kò bá lè kọjá níbẹ̀ kò ní dé ibi tí gbogbo iṣẹ́ yín wà. Bí wọ́n bá ní láti forúkọ sílẹ̀, ẹ má ṣe fi àwòrán lẹ́tà wíwọ́ dí wọn lọ́nà. Ìwé ìlò gbọ́dọ̀ wà ní HTML tó ní àkòrí gidi, kó sì wà ní BRF pẹ̀lú, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ sọ ohun tí ẹ ti fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà sọ: kì í ṣe “tẹ àmì yìí”, bí kò ṣe “nínú mẹ́nù Fáìlì, yan Tẹ̀ Ẹ́ Jáde, tàbí kí o tẹ Control àti P”.

Àwọn tí ẹ óò bá ṣe é

Ẹ lè ṣe púpọ̀ pẹ̀lú ojú kọ̀ǹpútà tí a ti pa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ríran tó pa iná fún wákàtí kan kò tíì di ẹni tó ti ń fi ìka kàwé láti kékeré. Ẹ wá àwọn tó ń lo bíréèlì lójoojúmọ́, ẹ san owó iṣẹ́ wọn fún wọn bí ẹ ṣe ń san fún àwọn ẹlòmíràn tó ń bá yín ṣiṣẹ́, ẹ sì pè wọ́n nígbà tí ohun tí ẹ ń rò kò tíì di kóòdù, torí pé lẹ́yìn náà gbogbo àbá wọn yóò di ohun tí àyè kò sí fún mọ́. Kí àwọn tó ń lo onírúurú screen reader wà nínú wọn, àti ẹni tó ní pátákó kékeré, ẹni tí kò ní pátákó rárá, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ojú rẹ̀ tó ṣì ń kọ́ kókó, àti ẹni tí kò gbọ́ràn. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ kan náà tí ẹ ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má ṣe fi ẹnu darí wọn sí ibi tí bọ́tìnì wà.

Ibi tí wọ́n yóò ti máa fi ẹ̀sùn àṣìṣe ránṣẹ́ sí yín náà gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún wọn. Ẹ fi àṣẹ kan sínú mẹ́nù Ìrànlọ́wọ́ tí yóò kó ìlà tí kọ́sọ̀ wà, kókó rẹ̀, orúkọ àtẹ, àti ẹ̀yà sọ́fítíwia pọ̀ sínú ìwé kan, kí ẹni náà kà á, kó yọ ohun tí kò bá fẹ́ kí ẹlòmíràn rí, kó sì fi ránṣẹ́. Kí ẹ tó gbé ẹ̀yà tuntun jáde, ẹ tẹ ojú ìwé mélòó kan sórí pépà, ẹ gbé e fún ẹnì kan tó mọ bíréèlì kà pé kó fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò sí ohun tó wà lórí pátákó rẹ̀, kí ẹ sì dúró de èsì rẹ̀.